Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìmúra De Ọmọ Tuntun ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ nílé lóko, nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìjọba ìlú wa, orí ogun, òwò etí òkun àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn Faransé la sábà máa ń gbé e kà. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpa ìtàn náà dé orísun rẹ̀, orí oyún ni yóò gbé wa dé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ilé ọba sọ pé ní Àjà-Tádò, ọmọbìnrin ọba kan tí ń jẹ́ Aligbonon lóyún fún ẹkùn, ó sì bí Agasu. Àrọ́mọdọ́mọ Agasu ló ṣí lọ sí Allada. Láti Allada ni Te-Agbanlin ti wá tẹ ìjọba tirẹ̀ dó níhìn-ín ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Àwọn Gun pe ìlú náà ní Hogbonu. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo. Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́.

Te-Agbanlin kò bá ilẹ̀ lófìfo. Ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ti ṣáájú dé, wọ́n sì rí ẹbọra olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì. Ojúbọ Aborímẹ́sàn-án wà ní ìlú títí di òní, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ń fi èdè tí àwọn ọdẹ náà ń sọ hàn. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọ tí a bá bí ní Àjàṣẹ́ ti ní ju ojúlé kan lọ tí a gbọ́dọ̀ wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

Báwo ni àwọn baba àti ìyá wa ṣe ń múra de ọmọ? Ìpamọ́ ni ìmúra àkọ́kọ́. Oyún kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Aboyún kì í rìn ní ọ̀sán gangan tàbí ní òru, kí ẹ̀mí àìrí má baà pa ọmọ inú rẹ̀ dà. Ìyá ọkọ yóò máa se àgbo àti aṣèjẹ fún un. Ọkọ yóò tọ babaláwo lọ láti béèrè ohun tí ọmọ ń bọ̀ wá ṣe láyé àti èèwọ̀ tí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa mọ́. A kì í ra ẹrù ọmọ jọ kí a tó rí ojú rẹ̀. Ògbólógbòó ìró ìyá tàbí ti ìyá àgbà la fi í gba ọmọ tuntun, nítorí aṣọ tó ti rọ̀ kì í họ ara ọmọ, òórùn ilé sì ti wà lára rẹ̀. Ohun tí a lè tọ́jú láìbẹ̀rù ni ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn, osùn, òrí àti àdín. Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá dé, tí a gbọ́ ohùn ìyá, tí a gbọ́ ohùn ọmọ, a ó sin ibi ọmọ sínú ilẹ̀ agboolé baba rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ti ní ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gun yóò wádìí lọ́wọ́ Fá pé ta ni jọtọ ọmọ náà, ìyẹn baba ńlá tàbí ìyá ńlá tó rán an wá sáyé. Àwa náà ń dá Ifá àkọsẹ̀jayé, a sì mọ Babátúndé àti Yétúndé. Bí a bá bí ìbejì nílé Yorùbá, a ní Táyéwò àti Kẹ́hìndé, Ìdòwú sì tẹ̀ lé wọn. Nílé Gun, a ó gbọ́ Zinsou àti Sagbo, Dossou yóò sì tẹ̀ lé wọn. Èdè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ni: ọmọ tuntun kì í ṣe àlejò, ẹni ilé tó padà dé ni.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án la ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje la ń sọ ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ló wọ́pọ̀ fún gbogbo wọn. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, atare àti omi tútù kò yí padà. Ohun tó pọ̀ sí i ní Àjàṣẹ́ ni iye orúkọ. Àwọn Àgùdà tó padà láti Bùràsíìlì mú orúkọ Potogí bọ̀. Ẹ wo José Paraïso, ọmọ Yorùbá tí a ti mú lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì rí, àti ọmọ rẹ̀ Ignacio, tó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn Mùsùlùmí ìlú nígbà ìjọba Faransé. Ìdílé kan ṣoṣo nìyí: ẹ̀jẹ̀ Yorùbá, ẹ̀sìn Ìsìláàmù, orúkọ Potogí.

Kí ni èyí jẹ mọ́ oyè jíjẹ? Ó jẹ mọ́ ọn púpọ̀. Ní Àjàṣẹ́, oyè ọba ń yí láàárín àwọn ẹ̀ka ìdílé Te-Agbanlin. Ẹni tí kò mọ ẹ̀ka tó ti wá kò ní ẹsẹ̀ láti dúró lé níwájú àwọn afọbajẹ. Nígbà tí Ọba Toffa wàjà ní 1908, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, ìjọba Faransé sọ ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ di olóyè lábẹ́ àṣẹ wọn. Wọ́n gba agbára, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba oríkì. Bákan náà, nígbà tí ogun Dáhòmì fọ́ Kétu ní 1886, tí a kó tìyá tọmọ lẹ́rú, oríkì àti èèwọ̀ tí a ti fi kọ́ ọmọ láti kékeré ni ẹni tó bá ṣáko lọ lè fi mọ ilé rẹ̀ bó bá padà bọ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a ń bí ní Cotonou, ní Èkó, ní Paris. Kò burú. Kí aboyún lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, kí ó gba ìtọ́jú. Àwọn ìyá wa náà kò fi ìtọ́jú aboyún ṣeré. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án gùn tó láti béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ àgbà ìdílé: kí ni oríkì wa, kí ni èèwọ̀ wa, agboolé wo ni a ti ṣẹ̀ wá, ta ni orúkọ rẹ̀ ń dúró de ẹni tí yóò jẹ́ ẹ? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, ẹ gba ohùn àgbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí àgbà bá lọ kí a tó béèrè, aṣọ olówó iyebíye kò lè dí àlàfo yẹn fún ọmọ.

Gbogbo aboyún ìdílé wa, wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi: wẹ́rẹ́ ni ẹ ó sọ̀ o. Ọmọ tí ń bọ̀ yóò bá ilé, ilé yóò sì mọ orúkọ tí yóò fi pè é wọlé.