Àwọn Obìnrin Tí Ó Ṣiṣẹ́ Ṣáájú Wa Létí Odò Thames

Ẹ̀yin ará wa ní Thamesmead, púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń gbé lápá ìwọ̀-oòrùn níhìn-ín jẹ́ ti Royal Arsenal nígbà kan rí, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rọ ìbọn àti ọta ní Woolwich. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn obìnrin ibẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, wọ́n ké sí àwọn obìnrin. Ní 1917, wọ́n ti lé ní 25,000, Lilian Barker sì ni alábòójútó wọn. Àwọn ni wọ́n ń kó ẹ̀tù sínú ọta, tí májèlé rẹ̀ fi sọ awọ ara àwọn mìíràn di pípọ́n bí ìyeyè. Bí ogun ti parí ní 1918, kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1968, ọdún tí àwọn ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ Thamesmead, àwọn obìnrin tí ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Dagenham, lódìkejì odò, daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kà wọ́n sí aláìmọṣẹ́, owó wọn kò sì tó ti ọkùnrin ìpele kan náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀, owó wọn sì gòkè dé ìdá 92 nínú 100 ti ọkùnrin. Ìjọba ṣe òfin owó ọgbọọgba ní 1970, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní òpin 1975. Síbẹ̀, ó di 1984, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ mìíràn, kí wọ́n tó kà wọ́n sí ẹni tó mọṣẹ́.

Ọdún 1968 yẹn náà ni òfin sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ ara ẹni fi iṣẹ́ dù ú. Lónìí, òfin 2010 ti kó ọ̀ràn méjèèjì pọ̀, ó sì kan àwọn obìnrin wa lọ́nà méjì.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin: ìgbéga tí ogun bá fúnni, àlàáfíà a máa gbà á padà. Èyí tí a bá kọ sílẹ̀ ló ń pẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ọmọbìnrin wa, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ ọ̀gá fún ìgbà díẹ̀, ẹ béèrè fún ìwé: ipò wo ni, èló ni, títí dìgbà wo? Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá wọn mójú tó àwọn ọmọ kí wọ́n lè ráyè lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí ìyá bá gòkè lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ilé ló gòkè.