Yíyí Ìwọ̀n Ìgbóná Padà láàárín Celsius àti Fahrenheit

Yíyí ìwọ̀n ìgbóná padà ni ìṣirò tí a fi ń mọ iye tí ìgbóná kan náà jẹ́ lórí òṣùwọ̀n méjì tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ ìkà wọn níbì kan náà, tí dígírì wọn kò sì tóbi bákan náà. Daniel Gabriel Fahrenheit, tí wọ́n bí ní Danzig ní 1686, gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ jáde ní 1724; bí a ṣe ń lò ó lónìí, omi ń dì ní 32 lórí rẹ̀, ó sì ń hó ní 212. Anders Celsius, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Uppsala, orílẹ̀-èdè Sweden, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1742, ṣùgbọ́n híhó omi ni ó fún ní 0, tí ó fún dídì rẹ̀ ní 100. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sí bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

Láti dídì omi dé híhó rẹ̀, 180 dígírì ni Fahrenheit kà, 100 ni Celsius kà; nítorí náà dígírì Celsius kan jẹ́ 9/5 dígírì Fahrenheit, ìdọ́gba tó so wọ́n pọ̀ sì ni F = (9/5)C + 32. Ìdọ́gba onílà tààrà ni, nítorí pé bí a bá yà á sórí gíráàfù, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan ni yóò jáde: 9/5 ni ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bí F ṣe ń gòkè tó fún ẹyọ C kọ̀ọ̀kan, 32 sì ni ibi tí ó ti gé ìlà òòró F. Ẹni tó ń bọ̀ láti Fahrenheit gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ 32 kúrò, kí ó tó fi 5/9 sọ èyí tó kù di púpọ̀. Ní −40 nìkan ni òṣùwọ̀n méjèèjì ti pàdé.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi níbi ìyàtọ̀ ìgbóná: bí ojú ọjọ́ bá fi 10 dígírì Celsius gbóná sí i, 18 ni lórí Fahrenheit, kì í ṣe 50, nítorí pé ibi tí ìkà ti bẹ̀rẹ̀ kò kan ìyàtọ̀ rárá. Ní ti Kelvin, òṣùwọ̀n ìgbóná mìíràn, dígírì rẹ̀ bá ti Celsius dọ́gba, 273.15 nìkan ni a ń fi kún iye Celsius láti rí tirẹ̀.

Nínú ìtọ́jú ara ni ìṣirò yìí ti wúlò jù fún ọ̀pọ̀ ẹbí: 100.4 Fahrenheit tí ìyá kan rí lórí tẹmọ́mítà ní Houston ni 38 Celsius tí ìyá mìíràn rí ní Ìbàdàn. Bákan náà, 98.6 tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí ìgbóná ara tó péye kò ju 37 lọ, iye tí Carl Wunderlich, dókítà ará Jámánì, gbé jáde ní 1868. Ìṣirò ló bí 6 tó wà lẹ́yìn ààmì ìdá mẹ́wàá nínú 98.6, kì í ṣe tẹmọ́mítà.