Wàrà Ìsọlọ̀, Màlúù Ta Ni?

Bí ènìyàn bá dúró ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀ lónìí, yóò rí ọjà, yóò rí ọkọ̀, yóò sì rí ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò rí abo màlúù kan tí a ń fún wàrà rẹ̀. Síbẹ̀, agbègbè yìí gan-an ni a ti ń di wàrà fún àìmọye ilé. Ilé-iṣẹ́ Chi wà ní Ajao Estate. Promasidor, tí ó ni wàrà Cowbell, wà ní Ìsọlọ̀. Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun wàrà tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò ti ń wá. Báwo ni ilẹ̀ tí ó kún fún màlúù ṣe di ẹni tí ń ra wàrà màlúù ẹlòmíràn? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

Láyé àtijọ́, eṣinṣin tsetse kò jẹ́ kí màlúù ńláńlá pẹ́ ní igbó ilẹ̀ wa. Màlúù kúkúrú tí kò ní iké lẹ́yìn nìkan ni ara rẹ̀ lè gba àrùn náà, wàrà rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn Fúlàní ni wọ́n ń da màlúù funfun oníké ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àwọn obìnrin wọn ni wọ́n sì ń ṣe wàrà tí à ń rà lọ́jà. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Òṣòdì kọjá dé Ìbàdàn láti Èkó. Nígbà tí ó fi di 1911, ọ̀nà irin ti dé Kánò. Ọ̀nà yìí mú kí ó rọrùn láti kó màlúù Òkè Ọya wá fún àwọn alápatà Èkó. Ẹ kíyè sí i: ẹran ni ọkọ̀ ojú irin ń gbé wá. Wàrà tútù kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, kò sì lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Báyìí ni Èkó ṣe mọ màlúù sí ẹran ọbẹ̀, tí ó sì ń wo òkun fún wàrà.

Kì í ṣe pé ìjọba sùn. Kí a tó gba òmìnira ní 1960, a ti ń sin màlúù N'Dama, tí tsetse kì í tètè pa, ní oko Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́. Ní Ṣíkà, nítòsí Sàríà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú màlúù Friesian ti ilẹ̀ Yúróòpù gun màlúù funfun Fúlàní, kí ọmọ lè ní wàrà baba, kí ó sì ní ìfaradà ìyá. Ibẹ̀ ni ó di Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Ẹran Ọ̀sìn ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1976. Wọ́n rí i pé wàrà ọmọ àdàlù ju ti ìyá rẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí màlúù funfun kì í sábà fún darandaran ní ju lítà kan tàbí méjì lọ lóòjọ́, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀.

Kò pọn dandan kí a gbé akọ màlúù wá láti Yúróòpù. Ní 1936, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Denmark dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa fi ọwọ́ gbé àtọ̀ akọ rere sínú abo màlúù wọn. Ní 1949, Polge, Smith àti Parkes, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwárí bí a ṣe lè mú kí àtọ̀ dì bí yìnyín láìkú. Lónìí, inú náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ tó 196 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Abo màlúù a máa wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 21, wákàtí díẹ̀ péré sì ni. Bí darandaran bá rí àmì náà ní òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí a gbin àtọ̀. Bí olùtọ́jú bá jìnnà, bí ọ̀nà kò bá dára, bí náítírójìn bá tán, àǹfààní ti bọ́. Bí oyún bá sì dúró, oṣù mẹ́sàn-án ni yóò lò. Ó lè jẹ́ akọ ni yóò bí. Bí ó bá jẹ́ abo, ó tó ọdún méjì àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òun náà tó bímọ, kí ó tó ní wàrà. Ta ni yóò wá koríko àti omi fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ọmọ àdàlù tí ebi ń pa kò sàn ju ìyá rẹ̀ lọ.

Láti 2010 ni FrieslandCampina WAMCO ti Ìkẹjà ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti máa gba wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré tí wọ́n lè gba owó òkèèrè láti fi kó wàrà wọlé. Chi àti Promasidor wà lára wọn. Ní àkókò náà, Promasidor dara pọ̀ mọ́ ìjọba Èkìtì láti jí oko màlúù Ìkun dìde. Báyìí ni ọ̀nà láti Ìsọlọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé abẹ́ màlúù ilẹ̀ wa.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Àtọ̀ rere ni ọwọ́ kan. Koríko, omi àti ọ̀nà ni ọwọ́ kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé obìnrin Fúlàní tí ó ni igbá wàrà: bí ilé-iṣẹ́ bá gba wàrà tí owó rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ rẹ̀, kí ni yóò mú un bójú tó ọmọ màlúù tuntun? Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò mọ wákàtí tí abo ń wá akọ kò gbọdọ̀ dúró de ìwé Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó kọ́ ọ. Ní èdè tí ó fi ń pe màlúù rẹ̀ ni kí a ti kọ́ ọ. Ìgbà náà ni a ó lè béèrè pé màlúù ta ni ó ni wàrà Ìsọlọ̀, tí a ó sì dáhùn láìtijú.