Ọ̀nà Tí Omi Gbà Wọ Inú Ẹńjìnnì Katakata, àti Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Jò Jáde

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ katakata kékeré tòkúńbọ̀ tí ń lo epo dísù, irú èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè dáwó jọ rà. Lára àmì tí ó sábà máa ń fi hàn pé ó ti sìn níbòmíràn rí ni pé omi rẹ̀ ń dín. Lówùúrọ̀, ẹ rọ omi kún un. Lọ́sàn-án, omi ti lọ sílẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ gbẹ. Àwọn àgbà ní kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí omi gbà dé inú àgbọn. Ti àgbọn nìyẹn. Omi inú ẹńjìnnì, ọmọ ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀, a sì mọ ọdún tí wọ́n fi í síbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn bí ó ṣe wọlé yóò mọ ibi tí yóò ti wá a nígbà tí ó bá ń jáde.

KÍ NI OMI Ń WÁ NÍBẸ̀?

Ní 1897, ní ìlú Augsburg ní Jámánì, Rudolf Diesel fi ẹńjìnnì rẹ̀ han àwọn onímọ̀. Nínú gbogbo ooru tí epo mú jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó di agbára. Ìyanu ni èyí jẹ́ nígbà náà, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń fi oruku omi ṣiṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdá mẹ́ta tí ó kù. Apá kan bá èéfín lọ, apá kan sì wọ inú irin. Bí irin náà kò bá rí ibi sọ ooru sí, á wú, ọ́ìlì á jó, písítìnì á há mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń dáná mọ èyí dáadáa: bí omi bá wà nínú ìkòkò, ìkòkò kì í jó, ọjọ́ tí omi bá gbẹ lórí iná ni ìkòkò ń là.

Ṣáájú èyí, ní 1886, Karl Benz ti fi omi sí ara ẹńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Omi náà á hó, oruku á fẹ́ lọ, awakọ̀ á sì máa bu òmíràn sí i lójú ọ̀nà. Ìbátan ọgbọ́n yìí wà ní ìgboro wa. Ẹ rántí ẹńjìnnì Lister tí ń lọ ata àti ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dúrọ́ọ̀mù omi kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páìpù méjì sì so wọ́n pọ̀. Omi gbígbóná ń gba ti òkè, omi tútù ń gba ti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n katakata kò lè máa gbé dúrọ́ọ̀mù káàkiri oko. Ní 1900, Wilhelm Maybach, ọmọ Jámánì, ṣe rédíétọ̀ tí ó dà bí afárá oyin fún ọkọ̀ Mercedes. Páìpù wẹ́wẹ́ 8,070 ni ó fi jó jọ, tí atẹ́gùn ń gba inú wọn kọjá. Láti ìgbà náà ni omi díẹ̀ ti lè ṣe iṣẹ́ omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí irin bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ibẹ̀ ni omi ti lè jò. Èyí ni ojúlé àkọ́kọ́ tí ẹ óò kàn.

KATAKATA TÍ KÒ NÍ PỌ́Ń​PÙ

Ní 1917, Henry Ford gbé katakata Fordson jáde ní Amẹ́ríkà. Kò sí pọ́ńpù omi nínú rẹ̀ rárá. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà á gòkè gba họ́ọ̀sì òkè wọ inú rédíétọ̀. Bí ó bá tutù níbẹ̀, á sọ̀kalẹ̀, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà sínú ẹńjìnnì. Ọgbọ́n yìí dára, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: omi gbọ́dọ̀ bo ẹnu họ́ọ̀sì òkè. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ ju ẹnu náà lọ, ìyíká á dúró, bí omi tilẹ̀ ṣì pọ̀ nínú rédíétọ̀.

Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ lásán nìyẹn. Ìlú Osaka ní Jàpáàn ni ilé iṣẹ́ méjì tí a ń rí orúkọ wọn lára katakata kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Gonshiro Kubota dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1890, iṣẹ́ dída irin ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan páìpù omi. Ọdún 1960 ni wọ́n tó gbé katakata oko jáde. Magokichi Yamaoka dá Yanmar sílẹ̀ ní 1912, ní 1933 wọ́n sì ṣe ẹńjìnnì dísù kékeré tí àgbẹ̀ lè lò. Lára àwọn katakata Yanmar tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970, bí irú YM1500, kò ní pọ́ńpù omi. Bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé pọ́ńpù irú katakata bẹ́ẹ̀ ni ó bàjẹ́, owó ohun tí kò sí ni ó fẹ́ gbà. Lórí irú rẹ̀, omi ìwọ̀nba ife díẹ̀ tí ó bá jò lè dá iṣẹ́ dúró.

YÌNYÍN, ÌPẸTÀ ÀTI ÌDÉRÍ

Ní ilẹ̀ tí òtútù ti pọ̀, ìyọnu mìíràn wà. Omi tí ó bá di yìnyín máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, á sì la irin. Nítorí èyí ni Hart-Parr àti Rumely ní Amẹ́ríkà fi lo ọ́ìlì dípò omi nínú katakata wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ní 1927, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ethylene glycol fún àwọn ọlọ́kọ̀, èyí tí a ń pò mọ́ omi kí ó má baà dì. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ omi aláwọ̀ ewé tí a ń pè ní kúláàǹtì.

Ẹ lè wí pé, “Àwa kò ní yìnyín, kí ni a fẹ́ fi í ṣe?” Òògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀. Omi kànga lásán ń mú irin dípẹtà láti inú wá, ó sì ń fi ẹ̀fun funfun sílẹ̀ bí ti inú kẹ́tùrù. Bí kúláàǹtì kò bá sí, omi òjò tí ó mọ́ sàn ju omi kànga lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kúláàǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Diethylene glycol, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ni ó wà nínú oògùn eyín tí ó pa ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà ní 2008 sí 2009. Ẹ má dà á sí ibi tí ewúrẹ́ yóò ti lá a, ẹ má sì fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pọn omi mímu.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni ìdérí. Omi lásán ń hó ní 100 Celsius. Bí a bá fi ìdérí tí ó ní sípíríǹgì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tó 120 kí ó tó hó. Ìdí nìyí tí omi fi lè máa jò nígbà tí ẹńjìnnì bá gbóná nìkan, tí ẹ kò sì ní rí nǹkankan lówùúrọ̀.

BÍ A ṢE Ń WÁ A

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná. Omi inú rẹ̀ á tú jáde sí yín lójú. Ẹ dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ tẹ́ páálí tí ó gbẹ sí abẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ibi tí páálí bá ti tutù, ẹ wo òkè ibẹ̀. Ẹ wo ara rédíétọ̀, ẹnu họ́ọ̀sì àti okùn irin tí ó dì í, àti kọ́ọ̀kì tí a fi ń da omi nù. Ẹ wo àwọn àwo irin róbótó kéékèèké tí wọ́n fi dí ihò ara ẹńjìnnì. Ìpẹtà a máa lu wọ́n láti inú. Bí ó bá ní pọ́ńpù, ihò kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, rọ́bà inú pọ́ńpù ti jẹ. Ẹ má dí ihò náà, nítorí pé ẹlẹ́rìí ni.

Bí ìta bá gbẹ, ẹ wo rọ́bà inú ìdérí. Bí ó bá ti ya, omi á máa gba páìpù kékeré tú dànù lójú iṣẹ́. Ìdérí tuntun kò wọ́n bí ẹńjìnnì.

Bí ìdérí bá dára, ẹ yá ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rédíétọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá iye tí a kọ sí orí ìdérí. Bí ọwọ́ géèjì bá ń lọ sílẹ̀, omi ń jò níbìkan. Bí kò bá sì sí ìkankan níta, inú ni.

Inú ní àmì tirẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá dà bí ògì, omi ti dà mọ́ ọn. Ẹ má tún tan ẹńjìnnì náà. Bí èéfín funfun bá ń rú títí lẹ́yìn tí ẹńjìnnì ti gbóná, tàbí tí omi ń hó yaya lẹ́nu rédíétọ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ní tútù, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ti jó tàbí kí orí ẹńjìnnì ti là. Iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì nìyẹn.

Àwọn kan a máa da ata gbígbẹ tàbí ẹyin sínú rédíétọ̀ kí ó lè dí ihò. Ó lè dí ti ìta, ṣùgbọ́n ó lè dí páìpù wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà pẹ̀lú. Àwọn mìíràn a máa da omi tútù sí ẹńjìnnì tí ó ti gbóná jù. Ìyẹn ni ó ń la irin. Ẹ pa á, kí ó tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó bu omi sí i.

Ẹ ò rí i pé rírọ omi lójoojúmọ́ láìwá ibi tí ó ń jò dà bí fífi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Kékeré la ti ń pa ẹ̀kàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Họ́ọ̀sì tí a kò pààrọ̀ lónìí ni ó ń di ẹńjìnnì lọ́la, òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í dúró de katakata tí ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kí ẹ tó sanwó tòkúńbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní tútù, kí ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀. Ojú tí ó mọ ìtàn omi yìí ni kí ẹ fi wò ó.