Àpótí Tí Wọn Ò Tì Pa: Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Fi Ṣì Ṣeé Tún Ṣe

Ìtàn tòní, ara kọ̀ǹpútà mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni mo fi ń gé ohùn ètò yìí. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ti lò gbó ní ọ́fíìsì òyìnbó kí wọ́n tó kó o wá sílé. Core i5 ìran kẹta ló wà nínú rẹ̀, èyí tó jáde ní 2012. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè wẹ̀, kí n dín ẹyin, kí n jẹ ẹ́ tán, kí ó tó jí. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ó máa ń sọ fún mi pé 2012 la ṣì wà. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí inú àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́. Inú ibẹ̀ ni ohùn ìyá mi àgbà wà, wákàtí méjì tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. N kò dà á kọ síbòmíràn. Ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n ra láptọ́ọ̀pù tuntun. Owó dà?

Kí n tó sọ ibi tí mo gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan. Bí RAM fóònù yín bá kéré, ṣé ẹ lè fi kún un? Rárá o, wọ́n ti jó o mọ́ inú rẹ̀. Kí ló wá dé tí àpótí ńlá yìí, èyí tí gbogbo wa ń ṣì pè ní CPU, fi ṣeé ṣí, tí a lè yọ èyí, kí a fi tọ̀hún sí i? Ìkánjú ló fà á.

Ní Boca Raton, ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ IBM díẹ̀, tí Don Estridge jẹ́ olórí wọn, ṣe kọ̀ǹpútà kékeré kan láàárín nǹkan bí ọdún kan. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ràn láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo ni IBM, ṣùgbọ́n ọdún kan ò tó fún irú ìyẹn. Wọ́n bá lọ sọ́jà. Wọ́n ra prósẹ́sọ̀ 8088 lọ́wọ́ Intel, wọ́n gba sọ́fúwíà lọ́wọ́ Microsoft. Wọ́n fi ihò tóóró márùn-ún sílẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì kún un ríbi fi sí. Wọ́n tún tẹ ìwé kan tó ṣàlàyé bí gbogbo inú rẹ̀ ṣe so mọ́ra, wọ́n sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1981, IBM PC dé. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ 1,565 dọ́là, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 16KB. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí ò lè wọ inú rẹ̀.

Ihò márùn-ún yẹn ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Ní 1983, Lotus 1-2-3 jáde, àwọn oníṣirò owó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ń jẹ RAM bí iná ṣe ń jẹ koríko. Ta ló fẹ́ sọ kọ̀ǹpútà tó ná an lówó tó bẹ́ẹ̀ nù? Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ AST ṣe káàdì kan, SixPakPlus. Inú ihò kan ṣoṣo ló máa wọ̀, síbẹ̀ ó lè fi RAM tó tó 384KB kún kọ̀ǹpútà, ó ní aago tó ń lo bátìrì tirẹ̀, ó sì ní ibi tí a lè ki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ̀. Ẹni tó rà á ti sọ ẹ̀rọ àná di ẹ̀rọ òní láìra òmíràn. Ohun tí a ń ṣe lónìí náà nìyẹn.

Àwọn mìíràn tún wò ó pé, bí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ bá wà lọ́jà, kí ló kù? BIOS nìkan ló kù, ìyẹn sọ́fúwíà kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun. IBM ló ni ín, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Compaq, ní Houston, wá ọgbọ́n kan dá. Wọ́n ní kí àwọn kan wo ohun tí BIOS náà ń ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn tí kò rí ti IBM rárá wá jókòó, wọ́n kọ tuntun láti inú àkọsílẹ̀ yẹn. Ní 1983 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tó ń lo sọ́fúwíà IBM àti káàdì IBM, láìjẹ́ ti IBM. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣe irú rẹ̀.

IBM gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn náà padà. Ní 1987 wọ́n gbé PS/2 jáde pẹ̀lú ihò tuntun tí káàdì àtijọ́ kò lè wọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ san owó fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án, Compaq ló ṣáájú wọn, gbé ihò tiwọn kalẹ̀, wọ́n sì rí i pé káàdì àtijọ́ ṣì ń wọ̀ ọ́. Ti IBM ò lọ jìnnà. Lára ohun tó ṣẹ́kù fún wa nínú PS/2 ni ihò róbótó méjì tí wọ́n ń ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Lẹ́yìn náà, Intel gbé ìwọ̀n ATX kalẹ̀ ní 1995, ó sọ ibi tí ìṣó mọ́dábọ́ọ̀dù yóò wà. SATA, okùn tí a fi ń so dísìkì, dé ní 2003. Méjèèjì ṣì wà lọ́jà dòní.

Ìdí nìyí tí Computer Village fi lè wà. Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé ni Otigba ní Ìkẹjà tẹ́lẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù tó bo ilé mọ́lẹ̀. Bí ara kọ̀ǹpútà kan kò bá lè bá òmíràn mu, kí lẹni tó ní àpótí láìní dísìkì fẹ́ bá ẹni tó ní dísìkì láìní àpótí sọ? Ọjà náà ní ojú mìíràn o. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìjábọ̀ kan jáde nípa Èkó: nǹkan bí kọ̀nténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣù, àwọn ọlọ́jà fúnra wọn sì sọ fún wọn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò ṣeé lò mọ́. Orí ààtàn, nínú èéfín, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ parí sí. Nítorí náà, gbogbo àpótí tí a bá tún lò, ó ti dín ọ̀kan kù níbẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni mo gbé tèmi lọ. Mo ti kọ́kọ́ ra RAM fúnra mi lórí ẹ̀rọ ayélujára, nítorí ó pọ́ọ́kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún un ṣe wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, DDR4 lẹ rà. DDR3 ni tiyín ń lò. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé lára rẹ̀, kò ṣe déédéé. Ẹ má fipá tì í o."

Ó fẹ́ eruku jáde, ó pààrọ̀ bátìrì kékeré bíi kọ́ìnì tó ń tọ́jú aago. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò ní 2012. Mo ra DDR3, 4GB di 8GB. Mo bi í bóyá kí n fi káàdì àwòrán kún un, ó ní kí n fi owó mi pamọ́, pé àpótí tó ń pín iná nínú irú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yìí ò ní lè gbé e. Ó wá gbé etí sí dísìkì.

"Òun ló ń dún. Òun náà ló ń fà yín sẹ́yìn."

Òótọ́ ni. Láti 1956 tí IBM ti kó àwo 50 tó fẹ̀ ní ínǹṣì 24 jọ sínú ẹ̀rọ kan, bákan náà ni dísìkì ṣe ń ṣiṣẹ́: àwo ń yí, apá kan ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀. SSD ò ní ohun tó ń yí, kò sí ìrìn níbẹ̀ rárá. Okùn SATA tó wà lára dísìkì àtijọ́ náà ló yọ, tó kì í sí SSD 240GB tuntun. Lápapọ̀, ohun tí mo ná ò tó ìdá mẹ́rin owó láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní kí n rà.

Windows ló kù. Windows 11, tó jáde ní 2021, ò fẹ́ prósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Àtìlẹ́yìn Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Àpótí tí IBM ò lè tì ní 1987, sọ́fúwíà ló ń tì í báyìí, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti kú. Èmi lo Linux Mint, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá ibi tí wọ́n fi nǹkan sí, inú sì bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n Audacity tí mo fi ń gé ohùn wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ihò SATA mìíràn ṣì ṣófo lórí mọ́dábọ́ọ̀dù náà. Mo so dísìkì àtijọ́ mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ń da fáìlì kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ó ti parí. Nígbà tó di aago méjì òru, wákàtí méjèèjì ti wọ inú SSD. Mo ki ìgbọ́hùn bọ etí, mo tẹ̀ ẹ́, ìyá àgbà sì ń bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ti ń gbọ́ àwọn.