Ìwé Tí Àwọn Obìnrin Òṣìṣẹ́ Fọwọ́ Ara Wọn Kọ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin mẹ̀kúnnù ti ń kọ ìtàn ara wọn. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, torí èèyàn lè kọ díẹ̀ lálẹ́, kó gbé e sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kó sì máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìwé wọn sábà máa ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ aráyé.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọ̀dọ̀ ni Hannah Cullwick. Ọdún 1854 ló bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Arthur Munby, ọkùnrin ọlọ́lá tó padà wá fẹ́ ẹ, ló ní kó máa kọ ọ́. Bàtà tó nù, ààrò tó kó eérú rẹ̀, ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ fọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1915, ẹgbẹ́ Women's Co-operative Guild tẹ lẹ́tà 160 jáde láìdárúkọ àwọn tó kọ ọ́. Nínú wọn, àwọn ìyá sọ nípa oyún tó bà jẹ́, àti bí wọ́n ṣe padà sídìí iṣẹ́ kí ara tó yá. Lẹ́tà wọ̀nyí kún ìjà tó bí òfin ìtọ́jú aboyún àti ọmọ ọwọ́ ti ọdún 1918.

Ní Bràsíl, Carolina Maria de Jesus ló ta wọ́n yọ. Ọdún 1914 ni wọ́n bí obìnrin adúláwọ̀ yìí. Bí ọdún méjì péré ló lò nílé ìwé. Ní Canindé, ní ìlú São Paulo, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́ta nínú ahéré onípáákó, tó ń ṣa bébà àti irin àlòkù tà. Ìwé tó bá rí lórí ààtàn, tí ojú ewé rẹ̀ ṣì mọ́, ló ń kọ̀wé sí. Lọ́jọ́ìbí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́dún 1955, kò rówó ra bàtà fún un. Ó ṣa bàtà kan nínú ìdọ̀tí, ó fọ̀ ọ́, ó tún un ṣe, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún 1958, akọ̀ròyìn Audálio Dantas gbọ́ tí Carolina ń halẹ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò pé òun á kọ wọ́n sínú ìwé. Dantas ló ṣàyọkà àkọsílẹ̀ Carolina, èyí tó di ìwé *Quarto de Despejo* lọ́dún 1960. Ọjà rẹ̀ yá gan-an, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó lé ní mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìtàn ebi nìkan ni àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ewì àti ìtàn àròsọ rẹ̀ kò rí olùrà. Owó ara rẹ̀ ló fi tẹ ìwé *Pedaços da Fome* lọ́dún 1963. Ó kú lọ́dún 1977, láìlówó lọ́wọ́.

Òǹkọ̀wé ni Carolina pe ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ìwé irú àwọn obìnrin wọ̀nyí bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé, kì í ṣe bí ẹ̀rí ìṣẹ́ lásán.