Àjà gáréèjì tí ẹrù wà lókè rẹ̀: Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó ra ohun ìdènà ooru

Láti Ọba Akran dé Òrégùn, láti Ògbà wọ Agége, bí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe pọ̀ náà ni gáréèjì kéékèèké pọ̀. Nítorí pé ilẹ̀ wọ́n lágbègbè náà, ọ̀pọ̀ olówò kì í fi òkè ilé ṣòfò: mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀, páálí ọjà àti táyà wà lókè àjà, lábẹ́ páànù. Ìgbà tí ooru bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọjà jẹ́ ni wọ́n máa ń wá ohun tí wọn yóò fi dí àjà, èyí tó dínwó jù ni wọ́n sì sábà máa ń rà.

Nílẹ̀ àwọn òyìnbó, gáréèjì ló máa ń tutù, kí òkè lè móoru ni wọ́n sì ṣe ń dí àjà rẹ̀. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn tó ń pa páànù ló ń sọ òkè àjà di ààrò, nítorí náà abẹ́ páànù ló yẹ kí ìdènà ooru ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi sí abẹ́ ẹrù nìkan, gáréèjì ló tù lára, ọjà rẹ̀ kò kúrò nínú ààrò. Bébà fàdákà tó ń dán lè dí èyí tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ lára ooru tó ń tàn jáde láti ara páànù, bí àyè afẹ́fẹ́ bá wà níwájú ojú rẹ̀ tó ń dán. Bí wọ́n bá lẹ ojú náà mọ́ páànù, agbára rẹ̀ ti lọ. Kí ihò afẹ́fẹ́ sì wà létí òrùlé.

Àjà fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa a máa to igi sókè yàrá, wọn a sì fi amọ̀ bò ó, kí iná tó bá mú koríko òrùlé má baà tètè dé ìsàlẹ̀. Ní gáréèjì òde òní, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ìsàlẹ̀ ni bẹntiróò àti ẹni tó ń jó irin wà. Fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn mọ́ inú páálí, ń dá ooru dúró dáadáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni yóò ti máa rọ̀, bí iná bá sì mú un, a máa yọ́ kán sílẹ̀ pẹ̀lú èéfín dúdú. Àjà PVC tó gbòde náà a máa yọ́ wálẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Ní London, lóṣù kẹfà ọdún 2017, iná ilé gogoro Grenfell pa èèyàn 72. Ọ̀rá tó wà nínú ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà ló gbé iná ọ̀hún ga, fóòmù ìdènà ooru tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bá a kún un.

Òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní rockwool, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá fóòmù dọ́gba nídìí dídá ooru dúró, síbẹ̀ kì í jó. Òun ló yẹ kó wà láàárín igi àjà. Lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kan pátákó pí-ó-pí: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ìyẹ̀fun inú rẹ̀ jẹ́ omi, iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi náà jáde. Ó wọ́n ju fóòmù lọ. Àmọ́ ẹni tó fi fóòmù ṣọ́ ọjà olówó ńlá, owó kékeré ló ń ṣọ́. Kí wọ́n má ṣe to ẹrù lé òwú náà lórí, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Orí pákó tó dúró lórí igi àjà ni kí ẹrù wà.

Òwú kì í dí èéfín o. Carbon monoxide inú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ihò wáyà ni yóò gbà gòkè lọ bá ẹni tó ń ka ọjà. Kí wọ́n dí gbogbo ihò, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà níta.

Bí ilé bá ti pẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wo àjà tó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nigerite, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́dún 1959, fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe ohun ìkọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó pa á tì, bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ irú rẹ̀ lágbàáyé ti ṣe. Bí àjà bẹ́ẹ̀ kò bá sán, ewu rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá fi ayùn kàn án, eruku rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó lè gba ọdún 20 sí 40 kó tó yọjú. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n to igi tuntun sábẹ́ rẹ̀ láìgbẹ́ ihò sí i lára. Bí ó bá ti fọ́, kí wọ́n fi omi rin ín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a.